Ẹni Tí Ó Ra Òkùnkùn Kò Tíì Ra Ìtura: Ọ̀rọ̀ Lórí Tíńtì Sẹ̀rámíìkì fún Ọkọ̀ Oníná

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó sọ ní ìpàdé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. A tẹ̀ ẹ́ jáde níhìn-ín nítorí àwọn tí kò lè wá.)

  

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó lè dà bí ọ̀rọ̀ fàájì létí àwọn mìíràn, ìyẹn ni tíńtì ojú gíláàsì ọkọ̀. Kí n tó dìde báyìí, ẹnì kan ti bi mí pé, “Ṣé owó ẹgbẹ́ ni a ó fi máa sọ gíláàsì di dúdú ni?” Ìbéèrè náà dára. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà tí ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ti ń bá wa sọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó láti ra ọkọ̀ tí ń fi bátìrì rìn, èyí tí a ń pè ní ọkọ̀ oníná. Àwọn kan fẹ́ fi í ṣe kabúkabú, àwọn kan fẹ́ máa gbé e lọ sí ibi iṣẹ́. Nínú ìwé ìdíyelé tí wọ́n ń mú wá, a máa ń rí ìlà kan nísàlẹ̀ pátápátá: “tíńtì sẹ̀rámíìkì”. Owó tí wọ́n sì ń kọ síwájú rẹ̀ kì í ṣe owó tí a lè fojú fò dá. Owó tí àwa gbogbo tu jọ díẹ̀díẹ̀ ni, àwọn onígbọ̀wọ́ sì ti fọwọ́ sí i. Bí a bá ra ayédèrú, tàbí tí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ náà dúró tí kò sì lè jáde ṣiṣẹ́, ẹni tí ó yá owó nìkan kọ́ ni yóò jìyà. Onígbọ̀wọ́ rẹ̀ yóò jìyà, ẹni tí ó wà lórí ìlà tí ń dúró de ẹ̀yáwó tirẹ̀ yóò jìyà pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á mọ ohun tí a ń rà.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti èmi fúnra mi. Nígbà tí mo ra ọkọ̀ epo kan lọ́jọ́sí, mo lọ bá oníṣẹ́ tíńtì kan lẹ́bàá títì. Mo ní ooru ń pa mí. Ó na ọwọ́ sí èyí tí ó dúdú jù lọ, ó ní, “Bàbá, bí ó bá ṣe dúdú tó ni yóò ṣe tutù tó.” Mo gbà á gbọ́, mo sanwó. Kí ọdún tó yípo, ọ̀rá náà ti ń ṣá, ó ń pọ́n bí aṣọ àlùkò tí oòrùn ti pa, ó sì ń wú ìléròrò káàkiri. Ooru kò kúrò níbi tí ó wà. Èyí tí ó burú jù ni ti alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń yà wọ àdúgbò wa. N kò rí ìyá kan tí ó gbé igbá lé orí lápá òsì mi. Igbe rẹ̀ ni mo gbọ́ kí n tó tẹ bíréèkì. Ọlọ́run ló yọ èmi àti òun. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí mo fi mú abẹ, tí mo ha gbogbo rẹ̀ dànù. Owó mi bá omi lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí gíláàsì dúdú, ọ̀tọ̀ ni kí inú ọkọ̀ tura. Ẹni tí ó ra òkùnkùn kò tíì ra ìtura.

KÍ NI OÒRÙN Ń GBÉ WỌ INÚ ỌKỌ̀?

Ìtànṣán oòrùn tí ń ta sí ọkọ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkínní ni ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí. Èkejì ni èyí tí ojú kò rí, tí ó ń sun awọ ara, tí ó sì ń jẹ́ kí aṣọ ìjókòó ṣá. Òun ni wọ́n ń kọ ní UV sára páálí tíńtì. Ẹ̀kẹta ni ìtànṣán ooru, tí ojú kò rí òun náà. Òun ni wọ́n ń kọ ní IR. Nínú gbogbo agbára tí oòrùn ń gbé dé ilẹ̀, ìtànṣán ooru yìí kó nǹkan bí ìdajì. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ló kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìdajì kejì. UV kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 lọ.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọ̀rá tí wọ́n kàn rẹ láró ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí púpọ̀ nínú ìtànṣán ooru kọjá. A kò ríran dáadáa mọ́, síbẹ̀ a ń làágùn. Ọ̀rá onírin, ìyẹn èyí tí wọ́n da èérún irin mọ́, ń dá ooru padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin ibẹ̀ lè máa dí rédíò, fóònù àti ẹ̀rọ tí ń júwe ọ̀nà lọ́wọ́. Nínú ọkọ̀ oníná, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí púpọ̀ nínú wọn ni a ń fi fóònù ṣí ìlẹ̀kùn wọn, tí wọ́n sì ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà. Ọ̀rá oní-kábọ́ọ̀nù sàn ju aláró lọ, kì í tètè ṣá, kì í sì í dí fóònù.

Ti sẹ̀rámíìkì yàtọ̀. Àwọn èérún sẹ̀rámíìkì tí ó kéré ju ohun tí ojú lè rí ni wọ́n pò mọ́ ọ̀rá náà. Àwọn èérún wọ̀nyí ń gba ìtànṣán ooru mú, wọ́n sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí tíńtì sẹ̀rámíìkì tí ó mọ́ gaara fi lè lé ooru ju ọ̀rá aláró tí ó dúdú bí èédú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un kí ẹ má baà ṣìnà. Gbígbà ni sẹ̀rámíìkì ń gba ooru náà mú jù, kì í fi bẹ́ẹ̀ dá a padà bíi dígí. Nítorí náà gíláàsì fúnra rẹ̀ yóò gbóná. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ìta yóò gbé púpọ̀ nínú ooru yẹn lọ. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, díẹ̀ yóò wọlé. Bí ẹ bá fọwọ́ kan gíláàsì tí ó sì gbóná, ẹ má tíì pe oníṣẹ́ ní olè.

KÍ LÓ KAN ỌKỌ̀ ONÍNÁ NÍNÚ RẸ̀?

Nínú ọkọ̀ epo, ẹ́ńjìnnì ló ń yí ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní éèsì. Ó ń jẹ epo, ṣùgbọ́n ojú wa kì í tètè tó o. Nínú ọkọ̀ oníná, bátìrì kan náà tí ń yí táyà ni éèsì ń mu nínú rẹ̀. Ìkòkò kan, ṣíbí méjì. Ohun tí éèsì bá bù, táyà kò ní rí i mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú yúnìtì, irú yúnìtì kan náà tí a ń rà sínú mítà iná ilé wa. Mo fi èyí ṣe àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi ti ọkọ̀ yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní bátìrì ọkọ̀ kan gba 50 yúnìtì, tí yúnìtì kan sì ń gbé e rin kìlómítà 6. Bí bátìrì bá kún, yóò rin kìlómítà 300. Ká ní éèsì ń jẹ yúnìtì kan àti ààbọ̀ ní wákàtí kan lójú oòrùn. Awakọ̀ kabúkabú tí ó bá fi wákàtí 8 ṣiṣẹ́ yóò fún éèsì ní 12 yúnìtì. Kìlómítà 72 ni ìyẹn. Owó iṣẹ́ kìlómítà 72 ti lọ sínú afẹ́fẹ́ tútù.

Bí tíńtì tí ó dára bá wá dín in kù láti 1.5 sí 1.2 ní wákàtí kan, yúnìtì 2.4 ni awakọ̀ náà yóò rí padà lóòjọ́. Ó ju kìlómítà 14 lọ díẹ̀. Bí ó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 25 nínú oṣù, 60 yúnìtì nìyẹn. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra yúnìtì kan lọ́dọ̀ yín sọ 60 yìí di púpọ̀, kí ẹ wá wo iye oṣù tí yóò gbà kí owó tíńtì tó padà wálé. Bí iye oṣù náà bá ju ìgbà tí ẹ fẹ́ lo ọkọ̀ náà lọ, ẹ̀yin náà ti rí ìdáhùn.

Ṣùgbọ́n òótọ́ kì í gba ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tí ó ń fi wákàtí kan péré wakọ̀ lóòjọ́ ńkọ́? Nínú ìṣirò kan náà, yúnìtì 0.3 ni yóò máa rí lóòjọ́. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 22, kò pé 7 yúnìtì lóṣù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ra tíńtì nítorí ìtura ara àti ààbò awọ ara, kò sì burú. Kí ó má ṣáà wá sọ fún ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó pé tíńtì náà yóò san owó ara rẹ̀.

Ẹ má sì ṣe gbà bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé tíńtì yóò mú bátìrì tutù. Abẹ́ ọkọ̀ ni bátìrì wà, ọ̀rá ojú gíláàsì kò dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tíńtì kò lè sọ ọkọ̀ tí a gbé sílẹ̀ nínú oòrùn di ilé tútù. Yóò dín ooru kù, yóò sì mú kí ó pẹ́ kí inú ọkọ̀ tó gbóná, ṣùgbọ́n yóò gbóná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a tì pa, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀, ì báà jẹ́ sẹ̀rámíìkì tí ó wọ́n jù láyé ni ẹ lẹ̀ mọ́ ọn.

BÍ A ṢE Ń KA OHUN TÍ WỌ́N KỌ SÁRA PÁÁLÍ

Nọ́ńbà mẹ́rin ni ẹ ó bá pàdé.

Èkínní ni VLT. Òun ni iye ìmọ́lẹ̀ tí ń kọjá. VLT 70% túmọ̀ sí pé ìdá 70 nínú 100 ń wọlé; VLT 20% dúdú gan-an. Ẹ rántí pé gíláàsì ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń dí díẹ̀ kí a tó lẹ nǹkan mọ́ ọn. Bí gíláàsì bá ń jẹ́ kí 75% kọjá, tí ẹ sì lẹ ọ̀rá 70% mọ́ ọn, ohun tí ó kù jẹ́ nǹkan bí 52%. Bí ẹ bá lẹ ọ̀rá 20%, ohun tí ó kù jẹ́ 15% péré. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: wọ́n ra 20%, wọ́n sì rò pé 20% ni àwọn yóò rí lójú gíláàsì.

Èkejì ni UV. Ọ̀pọ̀ ọ̀rá tí ó dára, ì báà ṣe sẹ̀rámíìkì tàbí òmíràn, ń dí nǹkan bí 99% nínú UV. Nítorí náà ẹ má san owó sẹ̀rámíìkì nítorí 99% yìí nìkan.

Ẹ̀kẹta ni IR. Níbí ni kí ẹ ti la ojú yín dáadáa. Ìtànṣán ooru gbòòrò. Àwọn mìíràn á mú ibì kan ṣoṣo nínú rẹ̀ níbi tí ọ̀rá wọn ti ń ṣe dáadáa jù, wọn á sì kọ nọ́ńbà ibẹ̀ gàdàgbà sára páálí. Bí wọ́n bá tan gílóòbù gbígbóná, tí wọ́n ní kí ẹ fi ọwọ́ yín sẹ́yìn ọ̀rá, ẹ rántí pé ìtànṣán ooru ló pọ̀ jù nínú ohun tí gílóòbù náà ń yọ. Kì í ṣe oòrùn. Ìdánwò náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́.

Ẹ̀kẹrin ni TSER. Òun ni ó ṣe pàtàkì jù. Òun ló ń sọ iye tí gíláàsì àti ọ̀rá jùmọ̀ ń lé padà nínú gbogbo agbára oòrùn, ìmọ́lẹ̀, UV àti ooru lápapọ̀. Ẹ lè rí ọ̀rá tí IR rẹ̀ ju 90% lọ, kí TSER rẹ̀ wà ní nǹkan bí 50% tàbí 60%. Kò sí èrú níbẹ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wọ̀n. Nígbà tí ẹ bá ń fi ọ̀rá méjì wé ara wọn, ẹ wá èyí tí VLT wọn dọ́gba, kí ẹ sì mú èyí tí TSER rẹ̀ ga jù. Bí ẹni tí ń tà á kò bá mọ TSER ọjà rẹ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

GÍLÁÀSÌ WO NI KÍ Á LẸ̀?

Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Gíláàsì iwájú ní ọ̀rá kan láàárín tí ó ti ń dí púpọ̀ nínú UV láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, ibẹ̀ sì ni awakọ̀ ń gbà ríran. Kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tí ń mọ̀ bí òjò bá ń rọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ fi iwájú sílẹ̀, kí ẹ sì máa ta bébà ìbòòrùn sí i nígbà tí ẹ bá gbé ọkọ̀ sílẹ̀. Ní ti òrùlé onígíláàsì tí ó wà lórí àwọn ọkọ̀ bíi Tesla Model 3 àti Model Y, ilé iṣẹ́ ti pa á láró tẹ́lẹ̀. Ẹ ka ìwé ọkọ̀ yín kí ẹ tó lẹ ohunkóhun mọ́ gíláàsì olópo méjì tàbí òrùlé, nítorí gíláàsì tí ó bá gba ooru ju bó ti yẹ lọ lè sán.

Ọ̀RỌ̀ ÒFIN

Òfin kan wà tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1991. Ó ka sísọ gíláàsì ọkọ̀ di dúdú, dé ibi tí a kò fi ní rí ènìyàn tàbí ohun tí ó wà nínú rẹ̀, léèwọ̀, àfi bí aláṣẹ bá fún ni ní ìyọ̀ǹda nítorí ìdí tí ó gún régé. Ìyà tí ó là sílẹ̀ ni owó ìtanràn tí kò ju ₦2,000 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Ẹ má fi ₦2,000 rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́ta tí ọkọ̀ kabúkabú bá fi wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, owó ọ̀sẹ̀ yẹn ti bàjẹ́. Ní ọdún 2025, ọlọ́pàá gbé gbígba ìwé àṣẹ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn agbẹjọ́rò sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Nítorí náà, ẹ wádìí bí nǹkan ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ gan-an tí ẹ fẹ́ lẹ tíńtì, kí ẹ sì gba ìwé yín kí ẹ tó sanwó fún oníṣẹ́.

Ayọ̀ tí ó wà nínú sẹ̀rámíìkì ni pé ẹni tí kò wá òkùnkùn lè mú èyí tí ó mọ́, kí a máa rí ojú rẹ̀ láti ìta, kí ara rẹ̀ sì tura. Ó ń bá òfin ṣe, ó ń bá ìyá tí ó gbé igbá lójú títì ṣe.

NÍ ỌJỌ́ TÍ WỌ́N BÁ Ń LẸ̀ Ẹ́

Omi ọṣẹ ni oníṣẹ́ fi ń lẹ̀ ẹ́. Inú ọkọ̀ oníná sì kún fún súìṣì àti ojú ìwòran ńlá. Kí ó fi aṣọ ìnura bo gbogbo rẹ̀ kí ó tó fọ́n omi. Kí ó ṣe é nínú ilé, kì í ṣe níbi tí eruku ti ń fẹ́. Ẹ ní kí ó ṣí páálí lójú yín, kí orúkọ ara ọ̀rá bá ti ara páálí mu. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ gba ìwé ìdánilójú, ẹ rí i pé orúkọ ọ̀rá àti VLT rẹ̀ wà nínú méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ má yí gíláàsì sílẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Bí ẹ bá rí kùrukùru omi díẹ̀ ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ní sùúrù, yóò gbẹ. Ìléròrò tí kò lọ lẹ́yìn oṣù kan ni kí ẹ gbé padà lọ.

OHUN TÍ MO Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìgbìmọ̀ àti sí gbogbo ilé jẹ́ mẹ́ta. Ọ̀kan, ẹni tí ó bá kọ tíńtì sínú ìwé ẹ̀yáwó kí ó kọ orúkọ ọ̀rá náà, VLT rẹ̀ àti TSER rẹ̀, kí ó sì ṣe ìṣirò yúnìtì tí mo ṣe lónìí pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀ tirẹ̀. Èkejì, kí a má san owó tíńtì jáde fún ẹnikẹ́ni tí kò tíì fi ìwé àṣẹ hàn. Ẹ̀kẹta, bí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún bá ń ra ọkọ̀ nígbà kan náà, kí wọ́n jọ lọ bá oníṣẹ́ kan. Ẹni márùn-ún tí ó lọ pọ̀ yóò dúnàá-dúrà ju ẹnì kan lọ; ohun tí a torí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Kí ẹ sì tó ná kọ́bọ̀ kan lórí tíńtì, ẹ ṣe èyí tí kò gba owó: ẹ gbé ọkọ̀ sí abẹ́ ibòji, ẹ tan éèsì nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lẹ́nu wáyà tí ń gba iná, kí ó tutù kí ẹ tó jáde, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú kan kí ooru jáde kí ẹ tó wọlé.

Ẹni tí ó bi mí nípa owó ẹgbẹ́, ìdáhùn mi nìyí: a kò ní fi owó ẹgbẹ́ ra òkùnkùn. Bí a bá fẹ́ rà, ìtura tí a lè wọ̀n, tí a lè kà, tí ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ni a ó rà.